Ẹ Ti Fóònù, Ẹ Fi Síìmù Sílẹ̀ Gbayawu

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ènìyàn mẹ́ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Òkèṣà, Adó-Èkìtì, pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: fóònù sọnù, owó sì tẹ̀ lé e. Wọ́n yọ ti ẹni àkọ́kọ́ lápò ní Ọjà Ọba. Ẹnì kejì gbàgbé tirẹ̀ sínú ọkọ̀ tó gbé e wá láti Ìkẹ́rẹ́. Ẹni kẹta kò tilẹ̀ mọ ibi tí tirẹ̀ ti bọ́. Mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ẹ ti síìmù yín pa?" Gbogbo wọn ló dá mi lóhùn pé páàsíwọ́ọ̀dù wà lórí fóònù àwọn. Ọ̀kan tilẹ̀ na ìka sí mi lójú, ó ní ìka òun yìí nìkan ló lè ṣí i.

Síìmù ni mo béèrè o. Mi ò béèrè fóònù.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ páàsíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń lo 1234 mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Ẹni tó ń ka OTP, nọ́ńbà ìgbà kan tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ láti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, sí àjèjì létí, wọ́n ti kìlọ̀ fún un lórí rédíò, wọ́n ti kìlọ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, báǹkì rẹ̀ kò sì yé fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ráyè sọ fún yín ni mo fẹ́ sọ.

Olè tó mọṣẹ́ kì í bá fóònù yín jà. Kí ni yóò máa wá ìka yín kiri sí? Abẹ́rẹ́ ni yóò fi yọ síìmù, yóò kì í bọ fóònù kékeré oníbọ́tìnnì kan, irú èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, kí ìṣẹ́jú kan sì tó pé, láìnì yín ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka yín, ojú yín, gbogbo páàsíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń yangàn, ara fóònù àkọ́kọ́ ni wọ́n jókòó sí. Wọn kò bá síìmù lọ.

Bí láìnì bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kà á. OTP tí báǹkì yín bá fi ránṣẹ́, òun ni yóò gbà á. WhatsApp yín, ó lè fi nọ́ńbà yín ṣí i sórí fóònù míràn, kó máa bá àbúrò yín sọ̀rọ̀ pé ẹ wà ní ọsibítù, ẹ nílò owó kíákíá. Bó bá tẹ *565*0# lórí láìnì náà, BVN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báǹkì, yóò jáde sí i. Kóòdù báǹkì (USSD) tí ẹ fi ń ra káàdì, tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì béèrè irú fóònù tí ó jẹ́. Síìmù ló ń wò. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ fi ṣe PIN báǹkì nìkan ló kù láàárín olè àti owó yín.

Nọ́ńbà mẹ́rin náà wá ńkọ́? Ọdún tí wọ́n bí yín ni, ọjọ́ ìbí yín sì wà lórí Facebook pẹ̀lú àwòrán kéèkì. Tàbí kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú fóònù. Mo ti rí èyí kọjá òǹkà: orúkọ kan wà láàárín àwọn orúkọ yòókù, "Báǹkì", nọ́ńbà mẹ́rin péré ló wà níwájú rẹ̀, orí síìmù gan-an ni wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí. Tí a bá bá olè wí, ó yẹ ká bá oníṣu tó kó iṣu rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà wí pẹ̀lú.

Ọdún 2001 tí GSM wọ Nàìjíríà, iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ń kọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Owó síìmù kan ṣoṣo ju owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré lọ nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní in a máa tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. BVN kò tíì sí, ọdún 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Báyìí tí wọ́n ń ta síìmù ní pọ́ọ́kú lábẹ́ agbòòrùn, tí báǹkì yín, NIN yín àti orúkọ rere yín sì so mọ́ ọn, báyìí lẹ wá ń mú un bí èèpo ẹ̀pà.

Síìmù ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. PIN síìmù la ń pè é, nọ́ńbà mẹ́rin sí mẹ́jọ ni. Inú síìmù fúnra rẹ̀ ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń bá a wọ inú fóònù yòówù tí wọ́n bá kì í bọ̀. Tí ẹ bá ti tàn án, ìgbàkígbà tí síìmù bá dé inú fóònù míràn, tàbí tí wọ́n bá pa fóònù tí wọ́n tún un tàn, yóò kọ́kọ́ béèrè PIN kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé. Láìsí PIN, ìpè kò ní wọlé, OTP kò ní wọlé, kóòdù báǹkì kò ní lọ. Olè ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù yóò ti ara rẹ̀, yóò wá máa béèrè PUK, èyí tí í ṣe nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà lára káàdì tí ẹ ti yọ síìmù náà lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Bí wọ́n bá ṣi PUK nígbà mẹ́wàá, síìmù yẹn kú nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ tó lè jí i. Èmi gan-an kò lè jí i, mo sì ti jí fóònù tó bọ́ sínú odò rí.

Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Security, ẹ wá SIM card lock. Lórí àwọn fóònù kan, abẹ́ More security settings ló wà. Lórí iPhone, inú Settings náà ni, ẹ tẹ Cellular tàbí Mobile Data, ẹ ó rí SIM PIN. Fóònù oníbọ́tìnnì náà ní tirẹ̀ lábẹ́ Security. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ti fi PIN kan sínú síìmù kí ẹ tó rà á, òun ni fóònù yóò kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má méfò o! Ìgbà mẹ́ta tí mo sọ fún olè yẹn, ìgbà mẹ́ta náà lẹ̀yin pẹ̀lú ní. Ẹ wò ó lára káàdì tàbí kí ẹ pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, kí wọ́n sọ ọ́ fún yín. Nígbà tó bá ti ṣí, ẹ yí i padà sí tiyín. Tí ẹ kò bá rí ibi tí wọ́n ti ń yí i, ẹ tẹ **04*, ẹ kọ PIN àtijọ́, ẹ tẹ *, ẹ kọ tuntun, ẹ tún tẹ *, ẹ kọ tuntun lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi # parí rẹ̀. Tí fóònù yín bá ń lo síìmù méjì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó ti wọn. Àwọn kan ní wàhálà ni, pé bí iná bá lọ tí fóònù kú, àwọn yóò tún máa tẹ nọ́ńbà nígbà tí àwọn bá tàn án. Nọ́ńbà mẹ́rin ni. Ẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn ilé yín lálaalẹ́, ẹ̀ ń ṣí i láràárọ̀, ẹ kò pe ìyẹn ní wàhálà.

Dípò kí àwọn ènìyàn ṣe èyí, ìpè ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ní 2011, ìròyìn kan gba gbogbo Nàìjíríà kan pé ẹni tó bá gbé ìpè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 09141 yóò kú, títí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, fi jáde sọ pé irọ́ ni. Títí di òní, mo ṣì ń rí ọmọ rẹ̀: wọ́n ní bí ẹ bá gbé irú nọ́ńbà báyìí, owó inú báǹkì yín yóò gbẹ. Gbígbé ìpè lásán kì í kó owó ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ bá fi ẹnu yín sọ lórí ìpè náà ló ń kó o. Ẹ yé fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé, ẹ̀rù tí kò yẹ ni ẹ fi ń da ara yín láàmú, èyí tó yẹ kò sì bà yín.

Màmá kan wà ní Ìlawẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Màmá Tíṣà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ní nǹkan bí aago mẹ́fà, fóònù rẹ̀ bọ́ sọnù nínú ọkọ̀. Ó ní ọkàn òun balẹ̀ nítorí pé ó ní páàsíwọ́ọ̀dù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan lójúlé kejì sọ pé ohun tí fóònù sọnù jẹ́ ju ojú lásán lọ, pé ayé ló fẹ́ dí i lọ́nà nítorí ilé tó ń kọ́. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò náà sì tún gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun yóò fi IMEI wá fóònù rí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí. Kò sí ọmọ ìta kankan tó lè fi IMEI wá fóònù. Nọ́ńbà ara fóònù ni IMEI, ẹ tẹ *#06# ẹ ó rí i. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló ń rí ibi tí fóònù tó ń gbé IMEI wà, ọlọ́pàá ló sì lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ní áàpù kan tó ń ṣe é, tí ó sì ń gba owó kó tó ṣe é, olè kejì lẹ bá pàdé. Mo lo ọdún gbọọrọ kí n tó mọ iṣẹ́ yìí. Ó dùn mí dé egungun pé àwọn wọ̀nyí àti èmi lẹ̀ ń pè ní "oníṣẹ́ fóònù" lẹ́nu kan náà.

Ọjọ́ Ajé ni ọmọ màmá mú un wá sọ́dọ̀ mi pé kí n ta fóònù tuntun fún wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé báǹkì ti gbọ́?" Wọn kò tíì sọ fún báǹkì. Wọn kò tíì gba láìnì wọn padà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé wọn lọ. Wọ́n tẹ ìwé àkáǹtì jáde. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ kọjá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà jáde. Aago méjìlá lù tán, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún míràn. Òru ọjọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀. Òru mọ́jú ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀.

Èmi mọ ìdí rẹ̀. Báǹkì Àpapọ̀ ti pa á láṣẹ láti 2018 pé owó tí ènìyàn lè fi kóòdù USSD fi ránṣẹ́ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lọ, àfi ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé pé òun fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà olè ń dúró de aago méjìlá òru kí ọjọ́ míràn lè mọ́ fún un. Ó ń bu owó màmá bí ẹni ń bu iyán, òkèlè kan lóòjọ́, bí màmá sì ti ń gba ààwẹ̀, olè ń ka wákàtí. Wákàtí márùn-ún gbáko ló wà láàárín ìgbà tí fóònù bọ́ àti ìgbà tí owó àkọ́kọ́ jáde. Ìpè kan sí báǹkì láàárín wákàtí márùn-ún yẹn, kọ́bọ̀ kan kì bá tí lọ. Owó ilé tí màmá ń kọ́ ni, ó ti fi í pamọ́ láti ara owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Báwo ni olè ṣe mọ PIN? Mo bi màmá. Ọdún tí wọ́n bí i ni. Ẹ̀yìn fóònù náà, nínú àpò rọ́bà rẹ̀, ló sì ká ìwé NIN rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ gàdàgbà. Màmá wò mí, ó fi Èkìtì sọ ọ́ pé, "Eó mi ti lọ." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Olùkọ́ tó kọ́ ọgọ́ọ̀rọ̀ ọmọ ní ìṣirò. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ yọ ìwé NIN yín kúrò lẹ́yìn fóònù. Ẹ yọ ọ́ nísinsìnyí, kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Tí fóònù bá sọnù, ẹ yá fóònù ẹlòmíràn, ẹ pe báǹkì kí wọ́n ti àkáǹtì yín. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló tún ní kóòdù tí ẹ lè tẹ̀ lórí láìnì ẹlòmíràn láti fi tì í fúnra yín. Ẹ lọ béèrè ti báǹkì yín, ẹ kọ ọ́ sára ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ mú NIN yín lọ sọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lọ ṣe Welcome Back, ìyẹn gbígba síìmù tuntun tó ń gbé nọ́ńbà yín àtijọ́, nítorí ìgbà tí síìmù tuntun bá ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó wà lọ́wọ́ olè ti kú. Ẹ̀ ń rò ó pé kí ẹ kọ́kọ́ pe láìnì náà, bóyá ẹni rere ló rí i. Ẹ pe báǹkì ná.

WhatsApp kò gùn: Settings, Account, Two-step verification, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà sí i, ẹ sì fi ímeèlì yín kún un kí ẹ lè rí i tún ṣe bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, láti aago mẹ́sàn-án, ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun ti síìmù pa, kó wá, mi ò ní gba owó. Ọ̀rẹ́ Màmá Tíṣà mẹ́fà ló ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ láti Ìlawẹ̀. Kí olúkúlùkù mú káàdì tó ti yọ síìmù rẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ mọ́, kó kọ́kọ́ gba PUK lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, kó kọ ọ́ wá. Mi ò ní fọwọ́ kan síìmù ẹni tí PUK rẹ̀ kò sí lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ìyá tó bí mi.