Abẹ ni, kì í ṣe ọ̀bẹ: ibi tí ọ̀bẹ tó ń ká ti wá

Òjò kan ló fà á. Ó wọ yàrá ìyá mi ní Gbọ̀ngán, ilẹ̀ rin gbindin, mo wá sáré fa àpótí páànù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí omi tó dé inú ẹ̀. Àpótí yẹn ti wà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti gbọ́njú, ti bàbá mi àgbà ni, kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti fà á jáde, mo tú u. Rìsíìtì tí ikán ti jẹ etí ẹ̀, awò ojú tí ojú kan ti fọ́, fìlà kan tó ti ṣá, àti nǹkan kékeré kan tí wọ́n wé sínú àkísà. Mo tú àkísà, ọ̀bẹ ni, èyí tí irin ẹ̀ máa ń ká wọ inú èèkù, èèkù náà jẹ́ ìwo, irin ti dípẹtà débi pé kò ṣeé ṣí. Mo da karosíìnì sí i ní oríkèé, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nígbà tó máa ṣí ó dún kàù! bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Lẹ́tà márùn-ún ló ṣẹ́kù lára irin, SHEFF, ìyókù ti jẹ lọ.

Ìyá mi bojú wo ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Háà, abẹ bàbá mi! Níbo lo ti rí i?"

Mo ní, "Màámi, ọ̀bẹ ni o, kì í ṣe abẹ."

Wọ́n ní, "Èmi ò mọ ìyẹn. Bàbá ò pè é ní ọ̀bẹ rí. Abẹ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn ọ̀bẹ báyìí kiri, torí mo rò pé bàbá yẹn mọ nǹkan tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ ìtàn ẹ̀ ò mọ̀. Abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ká, ọ̀bẹ wá tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ jà kó wá.

Bàbá mi àgbà, gírédà kòkó ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀. Ọdún 1947 ni ìjọba dá bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1954 ó di ti agbègbè kálukú, tiwa di ti Ìwọ̀ Oòrùn, owó kòkó yẹn ló kọ́ Cocoa House tí wọ́n ṣí n'Íbàdàn ní 1965. Àmọ́ kí àpò kòkó kankan tó kúrò ní sítọ̀, gírédà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀bẹ kékeré báyìí ni wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á bu wóro kòkó kárí àwọn àpò, wọ́n á pò ó pọ̀, wọ́n á ka 300 síta, wọ́n á wá máa là á ní gígùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín gan-an, wọ́n á wo inú ẹ̀. Èyí tó bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tí inú ẹ̀ rí bí eérú torí pé àgbẹ̀ ò jẹ́ kó pẹ́ tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó sá a, wọ́n á ya kálukú sọ́tọ̀. Òfin tí gbogbo ayé jọ ń lò ni pé nínú 100, èyí tó bu ò gbọdọ̀ ju 3 lọ kó tó lè jẹ́ gírèèdì kìíní, èyí tí inú ẹ̀ rí bí eérú náà 3. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ ó di gírèèdì kejì, owó já. Ẹ wá rò ó, 300 wóro fún ẹrù kan ṣoṣo, ẹrù mélòó lóòjọ́? Ẹ ò lè fi àdá ṣe é, ọ̀bẹ ìdáná nípọn jù, á fọ́ wóro kòkó ni, kò ní là á. Ohun tó lè ṣe é gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kó mú, kó sì ṣeé kì bọ àpò ṣòkòtò lórí kẹ̀kẹ́ láti sítọ̀ dé sítọ̀ láìgún èèyàn nítan. Ìyẹn ni abẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀. Ọ̀bẹ àti abẹ, ọmọ ìyá kan ni wọ́n lójú tèmi, inú "bẹ" ni méjèèjì ti jáde, "bẹ" tí a fi ń bẹ iṣu. Ṣùgbọ́n Yorùbá ò jẹ́ kí iṣẹ́ wọn pa pọ̀. Ọ̀bẹ ń gé ẹran, ọ̀bẹ ń ṣá ilá. Abẹ ló ń fárí, abẹ ló ń kọlà. Kódà Ògún wọn ò pa pọ̀. Nínú oríkì Ògún, Ògún oníkọlà lọ́tọ̀, ìgbín ló ń jẹ, Ògún onígbàjámọ̀ lọ́tọ̀, irun ló ń jẹ, ẹ sì mọ̀ pé abẹ ni àwọn méjèèjì yìí ń lò. Ẹ̀yà tó fi Ògún sọ́tọ̀ fún abẹ, ṣé ẹ máa sọ fún un pé abẹ àti ọ̀bẹ, bákan náà ni?

Wàyí o, kí ni ìṣòro abẹ? Ojú ẹ̀. Idà lè wọ àkọ̀ kó jáde kó tún wọ̀ ọ́, tí ojú ẹ̀ bá kú díẹ̀ kò burú, ọrùn lo fẹ́ bẹ́, o ò fẹ́ fá irùngbọ̀n. Yorùbá kúkú ní idà ń wó ilé ara ẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ tí ojú ẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé, tó bá ń ha ara awọ ní gbogbo ìgbà tó ń wọlé tó ń jáde, kí alẹ́ tó lẹ́ kò ní lè fá irun ọmọ tuntun mọ́. Torí náà ẹni tó ni abẹ ló ní ìdí láti wá ilé tí kò ní kan ojú irin. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀bẹ tó ká, ẹ̀yìn ẹ̀ ló wà níta, ojú ẹ̀ wà nínú ihò, afẹ́fẹ́ ló yí i ká, kò kan nǹkan kan. Èèkù ló di àkọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó kò lè gbẹ́ èèkù ara ẹ̀, àfi kí ẹnì kan gbẹ́ ẹ fún un, ẹni tó wá gbẹ́ èyí tó dà bí ilé yìí, mo lè fi ọmọ mi búra pé nǹkan fífá ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Èyí tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí láyé, Hallstatt ni wọ́n ti rí i, ní orílẹ̀-èdè Ọ́stríà, wọ́n fojú bù ú sí nǹkan bí 600 sí 500 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù, irin kan, èèkù egungun. Hallstatt yìí, ibi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ nínú òkè ni, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wà á, iyọ̀ yẹn ò jẹ́ kí nǹkan jẹrà débi pé aṣọ, awọ, igi táwọn tó ń wà á lò ṣì ń jáde títí dòní. Àwọn kan á ní ọ̀bẹ oúnjẹ ni, kí òṣìṣẹ́ lè gé ẹran jẹ nísàlẹ̀ ihò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi rò ó. Ẹni tó wà nínú ihò iyọ̀, òógùn, iyọ̀, irin, ṣé ẹ mọ ohun tí iyọ̀ máa ń fi irin ṣe? Ọ̀bẹ ìgbànú lásán á ti dípẹtà kó tó parí ọ̀sẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ á fẹ́ fi ojú irin ẹ̀ pamọ́. Mo tún ronú kan irùngbọ̀n: iyọ̀ á máa dì sí i, á máa yún, á máa bó ara, ọkùnrin tó bá fẹ́ sùn lóru á fá a. Ṣé mo lè gbè é lẹ́sẹ̀? Rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé abẹ ìfárí tí wọ́n fi idẹ rọ ti ń bá òkú wọ sàréè nílẹ̀ Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ọ̀bẹ Hallstatt yẹn, Íjíbítì náà ní tiẹ̀, ìyẹn ni pé nígbà tẹ́nì kan máa ronú kan kíká, abẹ ti dàgbà ó ti láya.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ará Róòmù gbà á tí wọ́n fi ṣe fàájì. Wọ́n gbẹ́ èèkù ẹ̀ bí ajá tó ń lé ehoro, wọ́n gbẹ́ ẹ bí kìnnìún. Ọ̀kan wà ní mùsíọ́ọ̀mù Fitzwilliam ní Cambridge, fàdákà, ti nǹkan bí ọdún 201 sí 300, ṣíbí wà lára ẹ̀, fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ, ohun tí wọ́n fi ń tayín, gbogbo ẹ̀ ń ká wọlé. Ẹ rántí èyí, a máa padà síbẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ilẹ̀ Nàìjíríà yìí náà ò kẹ́yìn nínú irin o, ní Taruga lágbègbè àwọn Nok, wọ́n ti ń yọ́ irin ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù, ìyẹn sún mọ́ ayé Hallstatt gan-an. Ní Ifẹ̀, irin Ògún Làdín ṣì wà láàfin Ọọ̀ni, irin ńlá kan tó rí bí omijé, ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé àwọn baba yín ò mọ irin. Èyí tí mo sì fojú ara mi rí ni abẹ bàbá gbàjámọ̀ tó máa ń wá fárí wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé: irin pẹlẹbẹ kan tó ń ká sínú irin mìíràn, ìṣó kan ṣoṣo ló dè é, kò ní sípíríǹgì, bàbá á fi àtàǹpàkò tì í ṣí, á nù ún mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á ní "Fi orí sílẹ̀ jàre, o fẹ́ kó gé ẹ létí?" Ọ̀nà tí ti Róòmù ń gbà ṣiṣẹ́ náà nìyẹn, ìṣó kan, kí irin àti èèkù fún ara wọn mọ́ra. Nígbà tí bàbá mi àgbà wá gba ọ̀bẹ òyìnbó tó ń ká, irú èyí tó ń fá orí wọn látọmọdé ni wọ́n rí. Kí ni kí wọ́n tún máa pè é?

Àwọn ará Sheffield ní Ìlú Ọba máa ń fọ́nnu pé àwọn làwọn ni ín. Mi ò ní fi gbogbo ẹ̀ dù wọ́n, torí orúkọ wọn ló wà lára ti bàbá mi àgbà. Odò tó ń ṣàn láti orí òkè ló ń yí ọlọ wọn, ọdún 1624 ni wọ́n fi òfin dá ẹgbẹ́ àwọn arọ̀bẹ ibẹ̀ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers níbẹ̀ ní àmì tiẹ̀, ìràwọ̀ àti àgbélébùú. Láàárín àwọn ọdún 1600 yẹn náà ni sípíríǹgì dé, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn èèkù tó máa ń tẹ ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ kó má bàa ká mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Òun ló dún kàù yẹn! Ìyẹn tiwọn, mo gbà. Bí wọ́n ṣe ń pè é lédè wọn, penknife, ìyẹ́ ẹyẹ ló wà ńbẹ̀ torí "penna" ni àwọn ará Róòmù ń pe ìyẹ́, òun làwọn akọ̀wé fi ń gbẹ́ ìyẹ́ tí wọ́n fi ń kọ̀wé. Fífá ṣáà ni! Ní 1822 Rodgers ṣe ọ̀kan tó ní irin 1,822, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á tún máa fi kún un. Ta ló fẹ́ kì ìyẹn bọ àpò?

Ti Switzerland, tó pupa tó ní àgbélébùú funfun, tí gbogbo ọmọ ìsinsìnyí rò pé òun ni bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká má fi ṣòfò àkókò. 1891 ni ṣọ́jà wọn kọ́kọ́ gbà á, 15,000 àkọ́kọ́ yẹn Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti rà á, Karl Elsener tó wá ń ṣe é lẹ́yìn náà gba ìwé àṣẹ ti àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ní 1897. Oríṣiríṣi irinṣẹ́ nínú èèkù kan, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ rántí ti Fitzwilliam.

Ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n. Joseph Opinel ní Faransé bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1890, onígi, òrùka tó ń dè é dé ní 1955. Àwọn ará Jámánì ṣe Okapi ní 1902 láti máa tà á nílẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbà, orúkọ ẹranko Kóńgò táwọn onímọ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1901 ni wọ́n sọ ọ́, Gúúsù Áfíríkà ló ń ṣe é báyìí. Ti Ṣáínà kún ojú títì. Látìgbà ọ̀ràn 2001, nígbà tí wọ́n já bàálù gbà ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mú u wọ bàálù.

Mo fẹ́ gbé ti bàbá lọ fún ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ, ìyá mi ò gbà. Wọ́n ní kí n wo àárín irin yẹn dáadáa. Ó ti jẹ wọnú, ó tẹ̀ bí oṣù lé, ibì kan ṣoṣo, ibi tí wóro kòkó máa ń bọ́ sí. Wọ́n bu wóro kan lára èyí tí aládùúgbò wa sá síta, wọ́n fi abẹ náà là á lórí ìka wọn bí ẹni tó ti ń ṣe é lójoojúmọ́, ìdajì méjèèjì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, inú ẹ̀ rí bí eérú.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Bàbá á ti dá èyí padà."