Òrùlé pẹrẹsẹ àti àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Òrùlé pẹrẹsẹ ni òrùlé tí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kì í tètè rí i. Ní Abẹ́òkúta, dẹ́kìn ni àwọn bíríkìlà ń pe èyí tí wọ́n fi kọnkéré dà. Orúkọ yìí náà ni ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí bí wọ́n ṣe ń di irin tí wọ́n sì ń da kọnkéré sí méjèèjì kò yàtọ̀. Òrùlé onípáànù ló pọ̀ jù nílùú náà, bí ẹni tó bá gun Olúmọ ṣe lè rí i.

Ìdagẹ̀rẹ́ àti omi adágún

Òrùlé pẹrẹsẹ kò gbọdọ̀ tẹ́jú tán. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ó yẹ kí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ tó 1 nínú 80 ó kéré tán: lórí dẹ́kìn oní-mítà 4, ẹ̀gbẹ́ kan á fi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju èkejì lọ. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé a máa ya 1 nínú 40, torí dẹ́kìn máa ń tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n. Síkírìdì, ìyẹn símẹ́ńtì àti yanrìn tí wọ́n tẹ́ sórí kọnkéré, ni wọ́n sábà fi ń ṣe é.

Omi adágún ni omi òjò tó ṣì wà lórí òrùlé lẹ́yìn wákàtí 48. Ìwúwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí omi sẹ̀ǹtímítà 1 péré bá bo dẹ́kìn mítà 10 sí 10, kílò 1,000 ni, bí ìgbà tí èèyàn to àpò símẹ́ńtì 20 sórí ilé.

Àwọn ìpele

Òrùlé onípele ni èyí tí wọ́n fi fẹ́ẹ̀tì (aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ti rẹ sínú ọ̀dà) àti ọ̀dà gbígbóná (bítúmẹ̀nì dúdú, kì í ṣe ọ̀dà ìkunlé) kọ́ ní ìpele 3 sí 5. Inú epo rọ̀bì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dà ti ń wá, ṣùgbọ́n ti inú ilẹ̀ wà ní Àgbàbú, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n á yọ́ ọ̀dà títí ooru rẹ̀ fi tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á pa á sílẹ̀, wọ́n á sì yí fẹ́ẹ̀tì lé e lójú ẹsẹ̀ kó tó tutù. Apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí fẹ́ẹ̀tì òkè lè gun tìsàlẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Omi á máa gba orí ìsopọ̀ kọjá láìrí ẹnu wọlé. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sójú rẹ̀ ń dáàbò bo ọ̀dà lọ́wọ́ oòrùn.

Etí òrùlé

Párápẹ́ẹ̀tì ni ògiri kúkúrú tó yí dẹ́kìn ká. Ibi tó ti pàdé òrùlé wà lára ibi tí jíjò ti wọ́pọ̀ jù. Fẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gun ògiri náà tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí wọ́n sì fi símẹ́ńtì dí igun náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, torí fẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká sí igun ṣánṣán máa ń ya. Fíláṣìn ni irin pẹlẹbẹ tó bo etí fẹ́ẹ̀tì náà lókè.

Àbùkù

Awọ ọ̀nì: oòrùn ti gbẹ ọ̀dà, ó sì sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ìléròrò: ọ̀rinrin há sáàárín ìpele méjì, ooru sọ ọ́ di oru, fẹ́ẹ̀tì sì wú. Èyí tí kò tíì ya ni wọ́n sábà ń fi sílẹ̀. Bí ó bá ti ya, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á ní àgbélébùú, wọ́n á ṣí i kó gbẹ dáadáa, wọ́n á fi ọ̀dà lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n á sì lẹ fẹ́ẹ̀tì tuntun bo ojú rẹ̀.