Bí A Ṣe Ń Di Báàtì Kíríkẹ́ẹ̀tì Mú

Ọwọ́ òkè, ìyẹn èyí tó di èèkù mú lókè, ló ń darí báàtì, pátákó tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìrànlọ́wọ́ lásán ni tọwọ́ ìsàlẹ̀. Níbi tí ọwọ́ ìsàlẹ̀ bá ti fẹ́ jẹ́ ọ̀gá ni ìyà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń lo ọ̀tún ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Kí ẹni tó ń lo òsì yí i padà. Fi báàtì lélẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó tẹ́jú dojú bolẹ̀, kí èèkù rẹ̀ kọjú sí ọ. Bẹ̀rẹ̀, kí o fọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni fẹ́ fi àáké la igi: òsì lókè, ọ̀tún nísàlẹ̀, kí wọ́n fara kanra. Wo àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó rí bíi lẹ́tà V. V méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà, tó gba ẹ̀yìn báàtì lọ sísàlẹ̀, láàárín òkè tó yọ ní àárín ẹ̀yìn náà àti etí rẹ̀ tó jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ.

Ọwọ́ òkè ni kó di èèkù mú dáadáa. Ní ti ìsàlẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ti tó. Kí àwọn ìka yòókù kàn sinmi. Bí àtẹ́lẹwọ́ ìsàlẹ̀ bá lọ sẹ́yìn èèkù tó sì fún un pinpin, ojú báàtì á yí kí bọ́ọ̀lù tó dé. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó lọ tààrà á fì sápá ẹsẹ̀, ìyẹn ìhà tí ẹsẹ̀ rẹ wà, tàbí kó fò sókè fún ẹni tó fẹ́ hán an.

Adam Gilchrist, agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì ará Ọsirélíà tó ń fi òsì gbá, mọ èyí. Nínú ìdíje àṣekágbá Ife Àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì 2007 ní Barbados, ó fi bọ́ọ̀lù squash, bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré, sínú ìbọ̀wọ́ òsì rẹ̀, ìyẹn ọwọ́ ìsàlẹ̀ tirẹ̀, kí ìka rẹ̀ má baà ráyè fún èèkù jù. Ó gba 149 runs, ìyẹn àmì ayò, lórí bọ́ọ̀lù 104.

Bí ọwọ́ méjèèjì bá jìnnà síra, wọn á máa bára wọn jà. Bí wọ́n bá sì wálẹ̀ jù, báàtì á rọrùn láti darí, àmọ́ agbára ìgbá náà á dín kù.

Fún ọmọdé, fi ọwọ́ òkè nìkan dán an wò. Bí kò bá lè fi í gbé báàtì síwájú kó sì fì í tààrà, báàtì yẹn ti wúwo jù fún un, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ni yóò sì máa fi fà á.