Ọ̀ṣun wà nínú fáìlì, sed ní òun ò rí i: ìbéèrè àti ìdáhùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ròyìn pé mò ń tún ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí gbogbo “Ọṣun” tó wà níbẹ̀ di “Ọ̀ṣun”, mo sì lo àṣẹ yìí:

`sed 's/Ọṣun/Ọ̀ṣun/g' oruko.txt > oruko2.txt`

Àwọn ìlà kan yí, àwọn kan ò yí, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú. Sed ò sì pariwo rárá. Ìbéèrè tó tẹ̀lé ìròyìn náà pọ̀, mo wá kó wọn jọ síbí.

Kí ni sed, kí sì ni regex?

Sed ni irinṣẹ́ tó ń ka fáìlì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó sì ń pààrọ̀ ohun tí ẹ bá ní kó pààrọ̀. Lee McMahon ló ṣe é ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, láàárín 1973 sí 1974. Regex ni èdè tí ẹ fi ń júwe ohun tí ẹ ń wá fún un.

Ṣé sed ló bàjẹ́?

Rárá. Ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Kí ló wá fà á?

Àwòrán lẹ́tà là ń wò. Báìtì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ni sed ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ èyí lórí kọ̀ǹpútà yín:

`printf 'ọ' | od -An -tx1`

Bí kíbọọ̀dù yín bá tẹ ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, `e1 bb 8d` ni yóò jáde. Bó bá jẹ́ o ló kọ́kọ́ tẹ̀, tó wá fi àmì sí i nísàlẹ̀, `6f cc a3` ni ẹ ó rí. Báìtì mẹ́ta mẹ́ta ni, ojú ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, síbẹ̀ wọn ò bára wọn tan lójú sed.

Tó bá wá kan ọ́ tó ní àmì ohùn, ọ̀nà ibẹ̀ di mẹ́rin. Ó lè jẹ́ ọ, kí àmì òkè tẹ̀lé e. Ó lè jẹ́ o, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Ó lè jẹ́ o, àmì òkè, kí tìsàlẹ̀ wá gbẹ̀yìn. Ó sì lè jẹ́ ó tó ti gbé àmì òkè tirẹ̀ wá, kí wọ́n wá fi tìsàlẹ̀ kún un. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìwé orúkọ wa ti kọjá, fóònù kálukú sì ní bó ṣe ń kọ tirẹ̀.

Kí ló dé tí ọ́ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀, bí é ṣe ní?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Ẹ lọ wo ibi tí ẹ àti ọ wà nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà: àárín àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni wọ́n tò wọ́n sí. Ní èdè yẹn, àmì ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ohùn, kò sí ìdí láti tún fi àmì ohùn mìíràn lé e lórí. Àwa Yorùbá la nílò méjèèjì lórí lẹ́tà kan. Unicode ò sì ní fi irú lẹ́tà alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un mọ́, kí ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ má baà dàrú. Nítorí náà, ọ́ yóò máa jẹ́ ohun méjì tí a so pọ̀. Èdè wa ṣeé kọ dáadáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń kọ script (fáìlì tí a to àṣẹ sí) gbọ́dọ̀ mọ̀ pé méjì ni.

Mo lo `[ọ́]` nínú regex mi, gbogbo nǹkan sì dàrú.

Ohun tó wà láàárín `[` àti `]`, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni sed ń mú un. Ọ lọ́tọ̀, àmì òkè lọ́tọ̀. Ẹ fi `s/[ọ́]/o/g` sí “ọkọ́” tí a fi ń roko, yóò fún yín ní “okoo”: o kan dípò ọ, o mìíràn dípò àmì. `sed -E 's/(ọ́|ọ̀|ọ)/o/g'` ni kí ẹ lò.

Èyí tó burú jù ni script tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójú yín, tó wá ń ba nǹkan jẹ́ lóru nígbà tí cron, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ẹ dá fún un, bá gbé e. Cron kì í sábà mọ̀ pé UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń kọ Unicode ní báìtì, ni ẹ ń lò. Nígbà náà, báìtì mẹ́ta ni `[ọ]` lójú sed, ọ kan á sì di “ooo”. Ẹ àti ṣ náà ń fi `e1` bẹ̀rẹ̀, torí náà yóò gé orí àwọn náà, yóò sì fi àfọ́kù sílẹ̀. Ẹ kọ `export LC_ALL=C.UTF-8` sí òkè script yín, tàbí `en_US.UTF-8` tó bá jẹ́ Mac.

Kí ni kí n ṣe kí n tó lo sed?

Ẹ sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé náà di ọ̀kan. NFC ni wọ́n ń pè é:

`uconv -f utf-8 -t utf-8 -x any-nfc oruko.txt > mimo.txt`

Lórí Ubuntu, inú icu-devtools ni uconv wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fáìlì script gan-an gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Ọ tí ẹ tẹ̀ sínú àṣẹ lè jẹ́ irú kejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí. Àwọn kan tún máa ń fi ìlà kékeré dípò àmì oníkókó sísàlẹ̀. NFC ò lè tún ìyẹn ṣe. Nínú bash (ètò tí a ń tẹ àṣẹ sí), kí ẹ tó lo uconv, `sed $'s/\u0329/\u0323/g'` ló ń tún un ṣe.

Kí ló dé tí `\d` ò ṣiṣẹ́?

Sed ò lò ó fún nọ́ńbà. `[0-9]` ni.

Sed -i, tó ń ṣàtúnṣe sínú fáìlì gan-an, ń fún mi ní àṣìṣe lórí Mac.

Sed ti Mac ń retí ohun tí yóò fi parí orúkọ ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ kọ ọ́ ní `-i.bak`, láìfi àyè sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux náà, á sì tún tọ́jú fáìlì àtijọ́ fún yín.

Mo kọ ọ́ padà sínú `oruko.txt` kan náà, fáìlì sì ṣófo.

`>` ti nu fáìlì náà kí sed tó ṣí i. Ẹ ò lè rí i gbà padà àfi tí ẹ bá ní ẹ̀dà.

Ṣé regex kan lè dá ohun ńlá dúró?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 2019, Cloudflare, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo ojú òpó, fi òfin ààbò tuntun kan síta. `.*(?:.*=.*)` wà nínú regex rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ máa dán onírúurú ọ̀nà wò lọ, lọ, lọ títí agbára wọn fi tán. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 ni ọ̀pọ̀ ojú òpó káàkiri àgbáyé fi dákẹ́. Ìwé orúkọ ò ní bá irú èyí pàdé. Àṣìṣe tó dákẹ́ ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò fo ìkankan?

Bí sed ò tiẹ̀ pààrọ̀ nǹkan kan, ó ṣì máa jáde bíi pé iṣẹ́ parí. Ẹ má fi “Ọṣun” tí ẹ fi wá a lẹ́ẹ̀kan yẹ̀ ẹ́ wò, grep, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, náà á fo ohun tí sed fò. Lẹ́yìn NFC, ẹ lo `grep -c $'\u0323' mimo.txt`. Bó bá jẹ́ 0, kò sí àmì ìsàlẹ̀ kankan tó ṣì dá dúró.

Ṣé kí n kúkú yọ gbogbo àmì kúrò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojúlówó. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á di oko, kò sì sí àṣẹ tó lè dá wọn padà. Tó bá jẹ́ nítorí àtirí orúkọ kíákíá ni, ẹ ṣe òpó kejì tí kò ní àmì. Bí a ṣe ṣe tiwa nìyẹn: a ń wá orúkọ nínú òpó aláìlámì, àmọ́ èyí tó ní àmì ni a ń tẹ̀ jáde fún ọmọ ẹgbẹ́.