Corydoras: Àrọ̀ Onípáànù Ni, Kì í Ṣe Agbálẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé pe Corydoras, ẹja kékeré tí a ń sìn nínú táǹkì, ní “ẹja ológbò”. Ológbò wo ló ń gbé inú odò? Òyìnbó ló rí irùngbọ̀n tó rántí ológbò. Àwa ti ní àrọ̀ ní tiwa. Àwọn mìíràn ní “aláṣíborí”, torí pé àṣíborí àti awọ ni Lacépède, onímọ̀ ẹranko ará Faransé, fi èdè Gíríìkì so pọ̀ nígbà tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1803. Àṣíborí ṣeé ṣí kúrò lórí, ti ẹja yìí kò ṣeé ṣí. “Oníhámọ́ra” náà, bákan náà ni, ó sì ń dún bí ìwàásù.

Àrọ̀ onípáànù ni mo fara mọ́. Kò ní ìpẹ́. Ìlà egungun pẹlẹbẹ méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, etí ọ̀kan ń gun èkejì láti ẹ̀yìn orí dé ìrù, bí káfíńtà ṣe ń to páànù kí òjò má baà wọlé. Ẹni tó bá ní páànù kì í ṣe Yorùbá, kó sọ ohun tó fi kan ilé tirẹ̀.

Odò Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, láti Trinidad dé àríwá Argentina. Ní 2024 àwọn onímọ̀ tú ìdílé náà ká: irú tó ń jẹ́ Corydoras paleatus bọ́ sí ìdílé Hoplisoma, Corydoras aeneus bọ́ sí Osteogaster. Ìyẹn kò yí páànù padà.

Orúkọ tó burú jù ni “agbálẹ̀”, torí pé ó ń pa ẹja. Ẹni tó gbà á gbọ́ kì í fún un lóńjẹ. Ó rò pé ìgbẹ́ ẹja yòókù ló ń jẹ. Kì í jẹ ẹ́. Oúnjẹ tó ń rì ni kí ẹ fún un, lálẹ́, nígbà tí àwọn ẹja òkè ti sinmi. Ẹ kó mẹ́fà ó kéré tán. Ọ̀kan ṣoṣo á kàn sá pamọ́ ni.

Páànù kò bo irùngbọ̀n. Iyanrìn kíkúnná, sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, ni kí ẹ tẹ́ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, torí pé ńṣe ló ń bu iyanrìn sẹ́nu tó ń sẹ́ ẹ jáde. Òkúta ẹlẹ́nu mímú ń ha irùngbọ̀n, ìdọ̀tí tó há sáàárín òkúta á sọ ọgbẹ́ náà di jíjẹrà, ẹja kò ní lè tọ́ oúnjẹ wá mọ́, á sì rù. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè omi: ó ń gbé afẹ́fẹ́ mì, ìfun rẹ̀ ló sì fi ń mí in. Bó bá ń sáré lọ sókè léraléra, ó ṣeé ṣe kí omi ti bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ife ni kí ẹ fi bù ú. Ẹ̀gún lẹbẹ rẹ̀ máa ń há sínú àwọ̀n.