Bí ẹ bá fẹ́ ra idà, ìrù rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Àwọn tó ń ra idà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, yálà fún Ojúde Ọba tàbí fún eré orí ìtàgé, ojú idà ni wọ́n máa ń wò: ṣé ó ń dán, ṣé ó gùn. Wọn kì í wo ìrù, ìyẹn irin tó ń wọ inú èkù. Ibẹ̀ gan-an ni idà ti sábà máa ń kán, tí irin á sì fò lọ bá ẹni tó dúró nítòsí.

Ẹ wò ó kí alágbẹ̀dẹ tó fi igi sí i. Kí ìrù fẹ̀ tó ìdajì ojú idà, kó sì gùn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èkù. Bí igun ibi tí ìrù ti pàdé ojú idà bá mú, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Ẹ ní kó fi fáìlì roboto rẹ́ ẹ títí kò fi ní mú mọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n jó ìrù mọ́ idà ni, ẹ má rà á rárá, torí iná wẹ́dà máa ń sọ irin ẹ̀bá ojú jíjó náà di gbígan, tí yóò sì tètè kán. Kí alágbẹ̀dẹ sì lu ihò ìṣó sára ìrù kó tó ri irin gbígbóná náà sínú òróró kó lè le, torí irin tó ti le kì í gba ihò mọ́.

Irin sípíríǹgì mọ́tò ló dára jù. Ẹ fi ṣóńṣó idà ti pákó, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá padà tọ́, irin rírọ̀ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fi èkù sí i fúnra yín, igi apá tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ lò. Igi tútù á sún kì nígbà ọyẹ́, èkù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ là á sí méjì, ẹ fi ìrù lé e, ẹ fi pẹ́ńsù fà á yípo, ẹ gbẹ́ ìdajì sísanra ìrù kúrò lára ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kó sì sùn mọ́jú nínú ìdè. Gọ́ọ̀mù tó ń gan lójú ẹsẹ̀ kò lè gba gbígbọ̀n.

Ìṣó idẹ méjì tí yóò la èkù àti ihò ìrù kọjá ló kù. Ẹ jẹ́ kó yọ mìlímítà 2 lápá méjèèjì, ẹ wá fi òòlù kékeré lu etí rẹ̀ yípo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá lù ú kíkankíkan yóò la igi.

Ẹ fi sáńpépà 80, 120 àti 240 yún un, kí ó máa tẹ̀lé okùn igi. Ẹ fi òróró linsíìdì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nù ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó tún un pa lọ́jọ́ kejì. Àdín kì í gbẹ, ọwọ́ yóò máa yọ̀. Àkísà tí ẹ fi nu linsíìdì, ẹ tẹ́ ẹ síta, nítorí bí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Àkọ̀ awọ wà fún gbígbé idà jáde. Awọ máa ń fa omi òjò mọ́ra, ìpẹtà á sì mú irin, nítorí náà ẹ fi òróró pa idà kí ẹ sì gbé e kọ́ lóde àkọ̀.