Bí wọ́n ṣe ń fi ògiri mòsáíìkì ṣe àdììtú geocache

Geocaching ni eré tí àwọn kan ti ń fi ike kékeré (geocache) pamọ́ síta, tí àwọn mìíràn á sì fi GPS, ohun tó ń sọ ibi téèyàn wà, wá a rí. Ẹni tó bá ṣí máàpù geocaching lórí fóònù yóò rí àwọn àmì búlúù kan tí àmì ìbéèrè wà láàárín wọn. Àdììtú nìyẹn. Ibi tí àmì náà wà kọ́ ni ike tí wọ́n fi pamọ́ wà. Ìlànà eré náà kàn ní kó má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i ju nǹkan bíi kìlómítà 3.2 lọ. Ẹni tó ń wá a ní láti tú àdììtú kó tó mọ ibi tí yóò forí lé.

Ògiri mòsáíìkì, ìyẹn ògiri tí wọ́n fi táìsì kéékèèké ṣe àwòrán sí, wúlò fún èyí torí ohun tó ṣeé kà pọ̀ lára rẹ̀. Ní àdúgbò Digbeth, ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ògiri ìrántí John F. Kennedy wà, nọ́ḿbà ibi tí ike wà á jọ èyí: N 52° 28.ABC, W 001° 53.DEF (N ni àríwá, W ni ìwọ̀ oòrùn). Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdáhùn ìbéèrè kan nípa ohun tó wà lára ògiri.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni ètò àwọn ìbéèrè náà. Bí A bá fi ẹyọ kan yẹ̀, mítà 185 lèèyàn fi ṣìnà. B, mítà 18. C, kò tó mítà 2. Ní ìhà W, torí ibi tí Birmingham wà lórí ilẹ̀ ayé, D jẹ́ mítà 113, F sì jẹ́ mítà kan àti díẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí kò ṣeé jiyàn, bí ọdún tí wọ́n kọ gàdàgbà, ni kó wà ní A àti D. Iye orí èèyàn, tí ìdajì wọn sá sẹ́yìn ara wọn, kó lọ sí C tàbí F, torí GPS fóònù fúnra rẹ̀ ń fi mítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ̀ láàárín ilé gíga. Kí ẹnikẹ́ni má ní kí wọ́n ka táìsì! Èèyàn méjì kì í kà á kó dọ́gba.

Àwọn kan máa ń kọ àròpọ̀ lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀ kí olùwá lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó dáa, àmọ́ bí B àti C bá gbapò ara wọn, àròpọ̀ kò ní yí padà. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ìdáhùn tó wà lórí geocaching.com sàn jù.

Ike fúnra rẹ̀ kì í wà lára ògiri, torí gọ́ọ̀mù á fa táìsì yọ. Ike kékeré tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn irin tó wà nítòsí ti tó. Bébà tí à ń kọ orúkọ sí ló máa ń wà nínú rẹ̀, olùwá ló ń mú bíro wá. Ó tún gbọ́dọ̀ fi mítà 161 jìnnà sí ike mìíràn, títí kan èyí tí àdììtú ẹlòmíì fi pamọ́ tí kò hàn lórí máàpù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń yẹ ike tuntun wò fún eré náà fi lè má gba ibi tó dà bíi pé ó ṣófo.

Ògiri pàápàá lè kúrò. Ti Kennedy yẹn, tí Kenneth Budd ṣe ní 1968, St Chad's Circus, ní Birmingham kan náà, ló wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe sí Digbeth ní 2013. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n wó ògiri tí Budd ṣe fún ìrántí àwọn Chartist, àwọn tó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò láyé àtijọ́, ní Newport, ní Wales. Nítorí náà, kí ẹni tó ni ike ya fọ́tò gbogbo ibi tí ìbéèrè ti jáde lọ́jọ́ tó gbé e kalẹ̀. Bí ògiri bá lọ, fọ́tò ni yóò fi sójú ìwé àdììtú náà.